Ẹjọ́ Àjọpè àti Agbẹjọ́rò Tí Yóò Bá Wa Rò Ó

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

Ẹgbẹ́ ni ó rán wa ní iṣẹ́ yìí ní ìpàdé tí ó kọjá, pé kí a wá ṣe àlàyé ohun tí ó yẹ kí ìlú, ìdílé tàbí ẹgbẹ́ mọ̀ kí wọ́n tó gba agbẹjọ́rò kan tí yóò bá ọ̀pọ̀ ènìyàn pe ẹjọ́ kan ṣoṣo. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ó máa pè ní ẹjọ́ àjọpè nínú ọ̀rọ̀ wa lónìí.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kóòtù kì í dùn létí àwọn àgbà. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́, òtítọ́ sì ni èyí láàrín ará ilé sí ará ilé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó ṣẹ ìlú bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, tàbí ìjọba tí ó ní owó àti agbára ju gbogbo ìlú lọ, kò sí ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀ tí kóòtù yóò bà jẹ́. Níbẹ̀ ni òwe mìíràn ti wúlò, pé àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Ohun tí ó sún Ẹgbẹ́ sí ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, àwọn àgbà ìlú kan, tí a kò ní dárúkọ, tọ̀ wá wá. Ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ti gba ilẹ̀ oko wọn, ó ti gé kòkó àti ọ̀pẹ wọn lulẹ̀, ó san owó gbà-má-bínú fún àwọn kan, ó sì fo àwọn mìíràn dá. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa, lọ́yà mẹ́ta ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè ti gba ọ̀kan. Àwọn ọ̀dọ́ kò fọkàn tán Baálẹ̀, wọ́n gba tiwọn. Àwọn ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó náà dá owó jọ, wọ́n gba ẹ̀kẹta. Lọ́yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ti fún ní owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ti dé ọ́fíìsì ìjọba, tí olúkúlùkù wí pé òun nìkan ni òun ń ṣojú ìlú. Èsì tí ọ́fíìsì náà fún wọn kò pọ̀: ẹ lọ fi ohùn ṣọ̀kan ná. Ọdún kan àbọ̀ ni ó ti kọjá lórí èyí. Opó kan wà láàrín wọn, tí ó jẹ́ pé kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó fi ń rán ọmọ mẹ́rin lọ sí ilé-ìwé. Kò rí kọ́bọ̀ gbà, ó sì ti dá owó fún méjì nínú àwọn lọ́yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Àwọn àgbà náà bi wá pé, èwo nínú àwọn lọ́yà mẹ́ta yìí ni kí àwọn dì mú? A dá wọn lóhùn pé ìbéèrè náà kò tíì kàn. Ìbéèrè tí ó ṣáájú ni èyí: àwọn ta ni ó fẹ́ gba lọ́yà? Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Títí ìlú yóò fi mọ ẹni tí ń jẹ́ “àwa”, agbẹjọ́rò tí ó mọ òfin jù lọ ní ayé kò lè ṣe ohunkóhun fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ tẹ̀ mọ́ yín létí lónìí. Gbogbo ohun yòókù tí a ó sọ ń bẹ lábẹ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹjọ́ àjọpè jẹ́ àṣà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lọ́wọ́ àjèjì. Ní ọdún 1913 ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ kan ní Àpápá fún iṣẹ́ ìlú. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn ìjòyè onífìlà funfun ti Èkó, dìde láti bèèrè owó gbà-má-bínú, kì í ṣe fún ara rẹ̀ nìkan, bí kò ṣe fún gbogbo àwọn ènìyàn tí ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn. Ilé-ẹjọ́ ní ilé níhìn-ín wí pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ń ṣe àkóso ilẹ̀ tí ó sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tí yóò gbà kò ní pọ̀. Kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ títí dé ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí àwọn amòfin ń pè ní Pírífì Káńsù. Ní ọdún 1920 òun fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 1921 ni Viscount Haldane ka ìdájọ́ náà. Ìgbìmọ̀ Ọba wí pé kí a má ṣe fi ojú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ wa. Pé láàrín àwọn ènìyàn wa, ilẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ, ti ìletò àti ti ìdílé, ìjòyè tàbí olórí ìdílé sì ń mú un dání fún gbogbo wọn ni. Àti pé fífi tí a fi Èkó lé ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1861 kò gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Nítorí náà, kí a san owó gbà-má-bínú lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí ó sì jẹ́ ti Olúwa àti àwọn ènìyàn rẹ̀. £22,500 ni owó náà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó mú kí ẹjọ́ yìí yọrí sí rere. Olóyè Olúwa kò fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan pe ẹjọ́. Orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó gbé lọ. Kò lọ ní òun nìkan. Ó mú ẹni tí ó mọ ìwé àti ọ̀nà ìjọba dání, ó sì gba àwọn agbẹjọ́rò tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ ní ilé-ẹjọ́ náà gan-an. Ó sì ní sùúrù: ọdún mẹ́jọ ni ó wà láàrín ìgbà tí a gba ilẹ̀ àti ìgbà tí a dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìta ilé-ẹjọ́ nípa ipò Ẹlẹ́kọ̀ Èṣùgbàyí bí ìjọba nínú, wọ́n ní kí Ẹlẹ́kọ̀ sẹ́ ẹ ní gbangba, ohun tí ó sì tẹ̀lé e ni pé ní oṣù Kejìlá ọdún 1920 ìjọba kò kà á mọ́ gẹ́gẹ́ bí olórí. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kí a mọ̀ pé ìlú tí ó ní ẹjọ́ ní kóòtù gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò máa sọ̀rọ̀ níta, kí ẹnu mìíràn sì dákẹ́.

Nísinsìnyí, ọ̀nà tí a ń gbà pe irú ẹjọ́ yìí yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà kẹtàlélógún nínú àwọn ìlànà ẹjọ́ ìlú ti ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n tún kọ ní ọdún 1966, fi àyè sílẹ̀ kí ẹnìkan tàbí ènìyàn díẹ̀ pe ẹjọ́ ní orúkọ gbogbo ẹni tí ìyà kan náà jẹ. Bí ó bá jẹ́ ẹjọ́ owó, a ó kéde fún gbogbo wọn, ẹni tí kò bá sì yọ ara rẹ̀ kúrò, ó wà nínú rẹ̀. Ní England, láti ọdún 2000 ni ìlànà kan ti wà tí ó ń kó ẹjọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ síwájú adájọ́ kan, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ni yóò fi orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé. Ẹni tí kò kọ orúkọ, kò sí níbẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ìlànà àwọn ilé-ẹjọ́ gíga gbà pé bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ní ohun kan náà nínú ẹjọ́ kan, ẹnìkan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú wọn lè pè é fún ara wọn àti fún àwọn yòókù.

Ìyàtọ̀ ńlá kan wà tí àwọn ìjòyè wa ní láti fi sọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, adájọ́ ni yóò yẹ agbẹjọ́rò ọ̀pọ̀ ènìyàn wò bí ó bá tó iṣẹ́ náà ṣe, òun ni yóò yàn án. Bí a bá fẹ́ parí ẹjọ́ ní ìtùbí-ìnùbí, adájọ́ ni yóò wò ó bí ó bá tọ́ sí àwọn tí kò sí níjókòó. Owó iṣẹ́ agbẹjọ́rò pàápàá, adájọ́ ni yóò fọwọ́ sí i. Níhìn-ín, àwa fúnra wa ni a ń yan agbẹjọ́rò, àwa ni a sì ń bá a dúnàádúrà. Nítorí náà iṣẹ́ ìṣọ́ tí adájọ́ ń ṣe fún wọn lọ́hùn-ún, ọrùn ìlú àti ìjòyè ni ó wà lọ́dọ̀ wa.

Báwo ni a ó ṣe ṣe é? Ohun kìíní ni àṣẹ. Kí a pe ìpàdé gbogbo ìlú tàbí gbogbo ìdílé, adúgbò kọ̀ọ̀kan, ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, àti ọkùnrin àti obìnrin. Kí a yan ènìyàn díẹ̀ tí yóò pe ẹjọ́ fún gbogbo ènìyàn, kí a kọ orúkọ wọn sínú ìwé, kí àwọn tí ó wà ní ìpàdé sì fọwọ́ sí i tàbí kí wọ́n tẹ̀ka. Bí ẹnì kan bá dìde lẹ́yìn náà ní kóòtù láti wí pé òun kò mọ̀ nípa ẹjọ́ yìí, ìwé náà ni yóò dá a lóhùn. Láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀, alátakò yóò fi ọdún kan tàbí méjì jà lórí ẹni tí ń ṣojú ta ni, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ kòkó tí a gé.

Ohun kejì ni pé kí ohun tí a ń bèèrè jẹ́ ọ̀kan náà lóòótọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2011, nǹkan bí àgbá epo rọ̀bì 40,000 tú sínú òkun ní ibi ìwakùsà Bonga. Àwọn ènìyàn etíkun tí ó lé ní 27,000, pẹ̀lú ìletò 457, wí pé epo náà dé ilẹ̀ àwọn. Ilé-iṣẹ́ epo sẹ́. Àwọn kan gbìyànjú láti fi orúkọ wọn béèrè àtúnṣe ilẹ̀ fún gbogbo ènìyàn yòókù ní ilé-ẹjọ́ gíga ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 2020 adájọ́ kò gbà fún wọn láti ṣe é bẹ́ẹ̀, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì gbè é lẹ́yìn ní ọdún 2021, nítorí pé ìyà tí ó jẹ ìletò kan kì í ṣe èyí tí ó jẹ èkejì, ẹ̀rí olúkúlùkù sì yàtọ̀. Agbẹjọ́rò tí ó dára yóò sọ fún yín ní ọjọ́ kìíní pé ẹni tí a gba ilẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tí a gé igi rẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn lè rìn pọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè so wọ́n mọ́ra bí ìgbà tí a di igi ìdáná.

Ohun kẹta ni àkókò. Ẹjọ́ Bonga kan náà ni a ó tún fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn olùpẹjọ́ fẹ́ mú ilé-iṣẹ́ mìíràn wọ inú ẹjọ́ náà ní ìgbà tí ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí epo tú, ọdún mẹ́fà sì ni òfin fún wọn. Wọ́n wí pé níwọ̀n ìgbà tí epo ṣì wà lórí ilẹ̀, ojoojúmọ́ ni a ń ṣẹ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní England wí pé rárá, ìṣẹ̀lẹ̀ kan ṣoṣo ni, ọjọ́ ti kọjá. Nílé níhìn-ín, òfin tí ó dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi oṣù mẹ́ta péré sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tí a lè pè mọ́ wọn lórí iṣẹ́ wọn. Ibi tí òfin náà kò dé wà, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ni yóò mọ̀ ọ́n, kì í ṣe àwa. Ìlú tí ó bá fi ọdún kan àbọ̀ jà lórí lọ́yà ta ni ó dára jù, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń jó bí àbẹ́là.

Ní ti agbẹjọ́rò fúnra rẹ̀, a ní láti mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé àwọn amòfin tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ń tọ́jú ní Abuja, àti bóyá ó ní òǹtẹ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Amòfin tí ó yẹ kí ó wà lára ìwé rẹ̀. Kí a bi í léèrè irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tí ó ti rò rí, kí a lọ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tí ó rò ó fún. Kí a bi í bóyá ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí a fẹ́ pè lẹ́jọ́, tàbí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn èyí, kí a bi í ní ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù lọ: níbo ni ẹsẹ̀ wa ti mẹ́hẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ọ̀pọ̀ ìjòyè ni ó ṣì ń fi ẹjọ́ Olúwa ti ọdún 1921 yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ti yí nǹkan padà. Lábẹ́ òfin náà, bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, owó tí yóò san lórí ilẹ̀ lásán kò ju iye owó ilẹ̀ tí ẹni náà san ní ọdún tí a gbà á lọ. Orí ilé, irè oko àti ohun tí a fi òógùn ṣe lórí ilẹ̀ ni owó gidi wà. Òfin náà tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ilé-ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ pé owó náà kéré tàbí ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ó pa á láṣẹ pé kí ó jẹ́ fún iṣẹ́ ìlú lóòótọ́, kí a sì fi ìwé ìkìlọ̀ lé onílẹ̀ lọ́wọ́ bí ó ti yẹ. Bí ìjọba bá kọsẹ̀ níbẹ̀, ilé-ẹjọ́ kì í fi ojú fo ó. Agbẹjọ́rò tí ó bá sọ gbogbo èyí fún yín kí ó tó gba kọ́bọ̀, ọ̀rẹ́ yín ni. Èyí tí ó bá fọwọ́ sọ̀yà pé dandan ni ẹ ó borí, tí ó sì ti dárúkọ iye mílíọ̀nù tí olúkúlùkù yóò gbé lọ sílé, ẹ bá a jẹun, ẹ má ṣe fún un ní ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni ó kàn. Agbẹjọ́rò lè dá iye kan, ó lè gbà á ní ìpele-ìpele bí ẹjọ́ ti ń lọ, ó sì lè gbà láti dúró de èrè ẹjọ́, kí ó mú ìdá kan nínú rẹ̀. Ìlànà ìwà àwọn amòfin ní Nàìjíríà gba ọ̀nà kẹta yìí láàyè nínú ẹjọ́ ìlú, kò gbà á nínú ẹjọ́ ọ̀daràn. Ó sì ní kí àdéhùn náà mọ níwọ̀n, kí agbẹjọ́rò sì kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí yóò yọrí sí fún ẹni tí ó gbà á. Agbẹjọ́rò lè yá wa ní owó ìnáwó ẹjọ́, ṣùgbọ́n a ó san án padà. Kò tọ́ kí ó gbà láti ru ìnáwó náà fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe gba ẹni tí ó bá wí pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan hàn yín, kí a lè rí bí ọ̀rọ̀ kékeré inú ìwé àdéhùn ṣe lè tóbi. Kí a sọ pé a gba mílíọ̀nù náírà 100, pé ìnáwó ẹjọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 10, àti pé ìdá márùn-ún kan ni ti agbẹjọ́rò. Bí ó bá mú ìdá tirẹ̀ kí a tó yọ ìnáwó, ó gba mílíọ̀nù 20, ìnáwó lọ, ó ku mílíọ̀nù 70 fún ìlú. Bí a bá kọ́kọ́ yọ ìnáwó, ìdá rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 18, ó sì ku mílíọ̀nù 72. Ọ̀rọ̀ méjì péré, “ṣáájú” àti “lẹ́yìn”, ni ó wà láàrín wọn, mílíọ̀nù méjì sì ni owó wọn. Kí ìwé náà sọ pẹ̀lú ẹni tí yóò san owó ẹjọ́ bí a bá pàdánù, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá fẹ́ pààrọ̀ agbẹjọ́rò, àti pé kò gbọ́dọ̀ bá alátakò parí ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé àwọn tí ìlú yàn fọwọ́ sí i. Kí a ka ìwé náà sí etígbọ̀ọ́ ìpàdé ní èdè Yorùbá, láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i.

Ohun tí ó kẹ́yìn ni owó tí a bá rí gbà. Níbí ni ìlú púpọ̀ ti borí ní kóòtù tí wọ́n sì tú ká nílé. Ìlú Bodo wà ní ilẹ̀ Ogoni. Ní ọdún 2008 ni epo bẹ̀rẹ̀ sí tú sínú odò wọn láti inú ọ̀pá epo, ìgbà méjì ni ó sì ṣẹlẹ̀. Ohun tí a kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n, gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò wọn ti kéde, ni £4,000 pẹ̀lú àpò ìrẹsì, ẹ̀wà àti oúnjẹ mìíràn. Wọ́n kọ̀ ọ́. Wọ́n gba agbẹjọ́rò ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ orúkọ apẹja àti àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó pàdánù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ epo náà gbà láti san £55,000,000: £35,000,000 fún ènìyàn 15,600, ó sì ku £20,000,000 fún ìlú lápapọ̀. Ẹ kíyè sí i pé a ya ti ẹnìkọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìlú. Ẹni tí ó pàdánù ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ kò ní láti tọrọ owó rẹ̀ lọ́wọ́ ìjòyè, ìlú náà sì ní tirẹ̀.

Ti Abidjan kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ìdọ̀tí olóró tí a kó láti inú ọkọ̀ ojú omi kan ni a dà káàkiri ìlú náà. Nǹkan bí ènìyàn 30,000 pe ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 2009 pẹ̀lú £30,000,000. Wọ́n fi owó náà sí ilé-ìfowópamọ́ ní Abidjan. Ní ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ kan ti dìde tí ó wí pé òun ni aṣojú gbogbo àwọn tí ìyà jẹ, ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ sì pàṣẹ kí a kó owó fún un. Nǹkan bí 6,000 nínú àwọn olùpẹjọ́ ni kò rí owó wọn gbà. Ní ọdún 2016, ilé-ẹjọ́ gíga ti Lọ́ńdọ̀nù dá àwọn agbẹjọ́rò náà lẹ́bi pé wọn kò ṣọ́ra tó nípa ibi tí wọ́n fi owó náà sí. Nítorí náà, kí a tó pe ẹjọ́ ni a ti ń pinnu ibi tí owó yóò wà, ẹni tí yóò fọwọ́ sí i kí a tó lè gbà á, àti orúkọ àwọn tí yóò gbà á. Kì í ṣe ọjọ́ tí owó bá dé ni a ń kọ orúkọ. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí kò ní igi kòkó kan rí yóò ní oko.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ọ̀rọ̀ tí ó kù kàn yín, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fi etí baba gbọ́ ọ. Òfin ọdún 1978 tí a dárúkọ wí pé bí owó gbà-má-bínú bá jẹ́ ti àwùjọ, Gómìnà lè ní kí a san án fún àwùjọ náà, tàbí fún ìjòyè tàbí olórí wọn kí ó ná an fún ire wọn gẹ́gẹ́ bí àṣà, tàbí kí a fi sínú àpò kan fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Ìgbìmọ̀ Ọba sọ ní ọdún 1921, pé ìjòyè ń mú ilẹ̀ dání fún gbogbo ènìyàn ni. Bí ọ̀dọ́ ìlú bá kọ ẹ̀yìn sí ìjòyè tí wọ́n lọ gba lọ́yà tiwọn, kì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ̀wọ̀n ara wọn nìkan. Nígbà mìíràn ó jẹ́ nítorí owó àtẹ̀yìnwá kan tí a kò ṣírò rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe ìṣirò ti àná, ẹ ó rí i pé wọn yóò tẹ̀lé yín lọ sí kóòtù lọ́la. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ ràn wọ́n lọ́wọ́ pẹ̀lú ìwé tí ẹ mọ̀. Macaulay kò gba ẹjọ́ lọ́wọ́ Olúwa, ó bá a gbé àpótí ìwé ni.

Àwọn àgbà tí wọ́n tọ̀ wá wá padà sílé. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe ìpàdé. Ìpàdé kìíní fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Ní ìkejì ni Baálẹ̀ dìde tí ó ka iye tí òun gbà àti bí òun ti ná an, láìsí ẹni tí ó bi í. Ní ìkẹta, wọ́n yan ènìyàn méje, obìnrin méjì wà nínú wọn, wọ́n sì fi ẹ̀yìn lọ́yà mẹ́ta ti, wọ́n gba ẹyọ kan tí ó jẹ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹjọ́ wọn kò ti lágbára. Ẹjọ́ náà ti wà ní kóòtù báyìí. A kò lè sọ pé wọn yóò borí. Ṣùgbọ́n a ti fi ojú wa rí ìwé orúkọ wọn, ó jẹ́ ojú ìwé mọ́kànlélógún, orúkọ opó náà wà ní ojú ìwé kejì, pẹ̀lú iye igi kòkó rẹ̀, ó sì tẹ̀ka sí i.

Àbá Ẹgbẹ́ ni pé kí ìlú kọ̀ọ̀kan má ṣe dúró de wàhálà kí ó tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí a kọ ààlà ilẹ̀, kí a kọ orúkọ olóko àti iye igi, kí a ya àwòrán wọn, kí a sì fi ìwé náà sí ibi tí ó ju ẹyọ kan lọ. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí a rí ẹjọ́ àìròtẹ́lẹ̀. Bí ó bá sì dé, kí ó bá wa ní ìṣọ̀kan. Àṣẹ.